Bẹ́ẹ̀dì Tí Aṣọ Rẹ̀ Ò Hunjọ

“Ìyá, ṣé ẹ ò fẹ́ yàrá yìí ni?”

“Mo fẹ́ ẹ.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?”

Ọmọ mi, bí alámòójútó ilé yín ṣe bi mí láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ìwé-Lọ́wọ́ la máa ń pè é lẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì mi bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹrù olè. Ó ní òfin ni pé bí ẹnì kan ò bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n gba yàrá, kí wọ́n fún ẹni tó kàn. Ó ní ọ̀la ló pé mẹ́rìnlá. Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ó ti rẹ̀ mí.

Jókòó, mi ò bá ọ jà. Ìwọ lo wá mi rí lábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀, ìwọ lo bá mi gbé àpò. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sùn níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ọkọ mi ta ilé tí mo wà nínú ẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo sunkún títí imú mi fi dí. Ṣé ẹni tó sunkún bẹ́ẹ̀ ni ò fẹ́ yàrá?

Mo ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, àní lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí. Bí mo bá dìde, mo máa na aṣọ ẹ̀, mo máa tẹ igun ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ará ìta ò mọ ìmọ́tótó. Ìwé-Lọ́wọ́ á dé, á wo aṣọ tí ò hunjọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó sùn. Ìmọ́tótó mi ló wá fẹ́ lé mi jáde. Ṣé o rí ayé?

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, àwọn òru ìyókù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sùn. Wò ó, ẹni tó bá ń sùn níta, ẹsẹ̀ ló ń wò. Bàtà tó ń bọ̀ ni màá kọ́kọ́ rí, kí n tó mọ̀ bóyá kí n kí èèyàn àbí kí n sá. Nínú yàrá yìí, bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀, mi ò rí i, àyà mi á máa já. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ta ló máa ṣọ́ àpò mi?

Káfíńtà tó ń tún àtẹ̀gùn ṣe nísàlẹ̀ ní kò le rárá, pé kóun gé ilẹ̀kùn náà sí méjì, ìsàlẹ̀ á wà ní títì, òkè á wà ní ṣíṣí. Mo ní, nígbà yẹn orí ni màá máa rí, mi ò ní í rí ẹsẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹni tó bá ti nílé, ojú èèyàn ló ń wò.”

Ìwé-Lọ́wọ́ ní rárá, pé gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jọra.

Ohun tó jẹ́ kí n ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn. Ìwọ ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n yàn tì mí, tìrẹ ni ìbuwọ́lù tí wọ́n máa gbà. Ẹ kọ́lé fún wa, a dúpẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ kọ́ ọ fún ńkọ́, ta ló bi í bó ṣe ń sùn? Kọ ọ́ síwèé pé kí káfíńtà gé ilẹ̀kùn náà, kó o buwọ́ lù ú lónìí, ọmọ mi, ọ̀la ti pẹ́ jù.

O ti kọ ọ́? Jẹ́ n wò ó. Ó dáa. Yára mú un lọ bá káfíńtà, kò ní í pẹ́ ṣíwọ́.

Rárá, má tì í. Fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi gbé ayùn dé.