Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Lára Ẹ̀rọ Ẹ̀wà

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀rí ni Bàbá Wòólì pè mí jáde fún, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà òjò èṣí, mo sì gbọ́dọ̀ bì í jáde kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ yẹn wá síwájú pẹpẹ. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló wà lọ́kàn mi o, ayọ̀ wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín tí mo tún ń sunkún, tí Bàbá Ṣemílóore, ọkọ mi, ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, àbúrò ọkọ mi ló ṣe é. Ẹ da ẹ̀wà sí i lókè, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀, òkúta á bọ́ sápá kan, ẹ̀wà tó mọ́ á bọ́ sápá kejì. Èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà tí mo rà ní Bódìjà lórí àtẹ lọ́jọ́ tí èrò náà sọ sí i lọ́kàn. Ó ń wò mí, ó ń wò mí, ó bá fò dìde: "Ìyàwó wa, ẹ gbé àtẹ yẹn jù sílẹ̀! Mo ti rí i!" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, títí dé ibi tí òkúta máa gbà jáde. Ọmọ tó ṣì ń gbé báàgì lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ! Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́ nítorí ẹ̀rín rẹ̀, gbogbo Agbowó sì ń bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Dùgbẹ̀, èmi ló gbé àwòrán náà wá bá. Ó ní, "Ìyàwó wa, wọ́n ní kí n lọ gba páténtì, kẹ́nì kan má baà jí i ṣe. Ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ náà ni, àbí àwòrán yìí ti tó?" Ẹ̀yin ará, mo mọ ìdáhùn. Mo ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà wa rí. Àwòrán tó yéni, àlàyé tó kún nípa bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ní kéèyàn gbé irin wá. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ìwé ló ń ṣíwájú. Mo wá wojú rẹ̀, mo ní: "Háà, ọkọ mi, ìjọba ò ní gba ti àlá o. Lọ kàn án kó ṣiṣẹ́ ná. Fi àwòrán yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kó má baà sọnù." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọkọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, ìyàwó ọ̀hún sì ni olè!

Kí ló sún mi dé bẹ̀? Ojúkòkòrò ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ orúkọ olórúkọ sórí ìwé, mo fẹ́ kí tèmi náà hàn lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé àwòrán náà lọ bá ọ̀gá mi, Lọ́yà Ayẹni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ gbá tábìlì: "Ìyá Ṣemílóore! Ta ló ronú irú èyí? Orúkọ ta la máa kọ?" Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi. Mo wá sọ nínú ara mi pé, orúkọ tí n kì í fẹnu pè, kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́ sí? Ẹ gbọ́ àwáwí olè! Àṣà tí wọ́n fi kọ́ mi níwà ọmọlúàbí ni mo fi bo ìwà ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Àbújá lórúkọ mi.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Eyínfúnjowó ń kan irin. Ó ta ọ̀kadà tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Apẹ́tẹ́, ó há ara rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù Surajudeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin ní Òjòó. Á kàn án, á tún tú u. Bó bá sì ti fẹ́ sú u, èmi ni mo máa ń sọ pé, "Tẹra mọ́ ọn, láìsí ẹ̀rọ, kò sí páténtì." Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin gé ìka rẹ̀, tí a gbé e dé ọsibítù, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé àwòrán yẹn ò lè tó ni?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, mo sì tún irọ́ náà pa lójú ẹ̀jẹ̀. Mo ní kò lè tó. Mo tún wá gbàdúrà fún un, ìyá rẹ̀ sì ń ṣe àmín. Ìka yẹn ò sí mọ́, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Níjẹta ni Lọ́yà Ayẹni pè mí pé ìwé páténtì ti dé, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé. Bí mo ṣe wọ àgbàlá, mo bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀: ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́! Ẹ̀wà ń dà wìrìwìrì, òkúta ń dún nínú agolo, àwọn ọmọ ń pariwo, ọkọ mi gbé àbúrò rẹ̀ sọ́rùn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé olè ni mí. Eyínfúnjowó wá fà mí lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ wo ohun tí mo kọ síbẹ̀." Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́: MOJÍ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sú mi. Orúkọ yín ló máa jẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a jọ ń lọ Dùgbẹ̀ lọ kọ ìwé páténtì nìyẹn." Orúkọ rẹ̀ ni mo yọ, orúkọ mi ló fi sí i.

Oorun ò kùn mí. Lánàá, mo lọ bá Lọ́yà Ayẹni nílé, mo jẹ́wọ́. Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ohun tó mú mi fò sókè: bí mo bá fẹnu ara mi sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé mo gbé e láìgbàṣẹ, òfin mọ onínǹkan, ẹ̀tọ́ ìwé náà á di tirẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ olóhun ló pé yìí, ẹ̀yin sì ni ẹlẹ́rìí mi!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí èrò bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹ yà á, ẹ ṣàlàyé rẹ̀, ẹ fi orúkọ ara yín kọ ìwé kẹ́ ẹ tó máa fi hàn káàkiri. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́, ì báà jẹ́ ará ilé yín.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ ṣe ohun tí ìyàwó kì í ṣe. Orúkọ tí mo fi àṣà bò mọ́lẹ̀, màá pè é sókè kí gbogbo yín gbọ́: Ìṣọ́raolúwa! Ìṣọ́raolúwa, ọkọ mi, ìwọ lo ni ẹ̀rọ yìí. Bí o bá lè dárí jì mí, fi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ò pé yẹn wá gba ìwé rẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí.