Ṣílè Tí Mo Fi Sọ Àbúrò Di Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ǹ bá gbé e wọ sàréè lọ, àmọ́ ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí ní Mushin. Nígbà tí wọ́n fi náírà rọ́pò owó àtijọ́, àwọn tíṣà àtàwọn akọ̀wé ní Surulere bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣílè àtijọ́ kiri láti fi pamọ́. Èyí tí ọdún ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọn kì í fẹ́. Èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Màá fi òwú ta omi bátìrì sí i díẹ̀díẹ̀, òjìji nọ́ńbà á yọ, màá wá fi ṣísù tún un gbẹ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, n ò ní purọ́. Dókítà Ṣílè ni wọ́n ń pè mí.

Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré, gbé tiẹ̀ wá. Bàbá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìyàwó méjì ni bàbá náà ní, ọ̀kan ní Mushin, ọ̀kan ní Òṣogbo, kò sì kó wọn pọ̀ rí. Àṣà rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, á fi ṣílè tuntun tí wọ́n rọ lọ́dún yẹn lé ìyá ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹbí wá ń wá ẹni tí yóò jẹ́ dáwódù, Kàsálì, ọmọ Òṣogbo, ní ìyá òun sọ kó tó kú pé òun ni àkọ́bí. Ìyá Ràṣídì náà ti kú. Àwọn àgbà ní, "Gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ṣílè yín wá."

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára ti Kàsálì, mẹ́fà ni. Ti Ràṣídì ti pa rẹ́ pátápátá. Ó fi í sílẹ̀ fún mi, ó lọ kírun.

Mo ta omi sí i. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti Kàsálì mu, àmọ́ mẹ́jọ ló yọ gbẹ̀yìn. Yéè! Ọ̀rẹ́ mi ni àbúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Kí ló kàn mí pẹ̀lú Kàsálì, ará òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Mo pa apá òsì mẹ́jọ yẹn rẹ́, mo gbẹ́ ìyókù di mẹ́ta. Nígbà tí Ràṣídì dé, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó dì mọ́ mi. "Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́!" ló ń wí. Kò mọ nǹkan kan. Títí dòní, kò mọ̀.

Kàsálì dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹbí. Àtìgbà náà ló ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ń pín ẹran iléyá, Ràṣídì ló ń kọ́kọ́ mú. Èmi náà á jókòó síbẹ̀, màá máa jẹ tèmi. Mo ní kò sóhun tó ṣe, ipò lásán ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni Kàsálì gbé ṣílè tiẹ̀ wá. Ó ní kí n yọ́ ọ, kí n fi ṣe yẹtí fún ọmọ òun. Mo ní, "Kí ló dé? Ohun tí ìyá ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ kọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá tó purọ́ fún mi títí tó fi kú? Mi ò ṣàdúrà fún un mọ́. Wọ́n ní sàréè rẹ̀ ti wó, mi ò lọ tún un ṣe."

Mo gba ṣílè náà, mo ní kó padà wá. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Obìnrin tó sọ òótọ́ kó tó kú, mo sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Bí mo bá sì la ẹnu, ilé á dàrú, Ràṣídì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọn á máa pè lólè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún? Ṣé Ràṣídì ni, ṣé Kàsálì ni, àbí ìyá tó wà nínú sàréè tó wó ní Òṣogbo?