Èmi Ni Mo Sọ Pé Sísì Kan Tó Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó ṣépè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé e sínú. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sunkún lójú ayé, n kò sì ní í sunkún níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ wa yàn mí pé kí n bá àwọn bẹ ọ̀gá fún àfikún owó. Wọ́n ní èmi nìkan ni òyìnbó máa ń gbọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òun náà ló sì kó bá wọn.

Oko àgbọn ni a ti ń ṣiṣẹ́, létí ọ̀sà nítòsí Ìwòrò. Èmi ni olórí òṣìṣẹ́. Nígbà tí oko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ ọ̀gá pè mí. Ó ní òun kò mọ ilẹ̀ yìí, òun kò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní kí n sọ iye tí yóò tó ọkùnrin kan àti ará ilé rẹ̀ jẹ lójúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tọkàntọkàn ló fi béèrè. Sílè kan ló ti ní lọ́kàn.

Mo ní, "Sísì kan ti tó, sà. Gààrí nìkan ni wọ́n ń rà. Ọ̀sà wà níwájú ilé wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí ẹja."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ìdajì sílè tó ti ní lọ́kàn. Nígbà tó kan tèmi, mo ní ẹni tí yóò darí ènìyàn gbọ́dọ̀ jọ ọ̀gá. Ó fún mi ní pọ́n-ùn mẹ́rin lóṣù. Owó àwọn mẹ́fà nínú wọn kò tó tèmi nìkan. Mo rò nígbà náà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí gbogbo wa bá ń gba owó tó jọjú, ta ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún mi?

Irọ́ ni mo pa nípa ẹja yẹn. Ẹni tó ń gun àgbọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ìgbà wo ni yóò da àwọ̀n? Rírà ni wọ́n ń rà á. Ọwọ́ ìyàwó mi ni wọ́n sì ti ń rà á, lẹ́nu ọ̀nà oko.

Sènà, ará Kankon, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ó ti já bọ́ lórí àgbọn lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ó ń gùn ún, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà níléèwé. Bí owó kò bá lé lóṣù yìí, yóò mú un kúrò. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ti yàn mí, ó gbé ẹja yíyan méjì wá fún mi láti fi dúpẹ́. Mo mọ ẹni tó tà á fún un.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin la ní. Bí ẹ bá ti dá sí i, ọmọ mi kò ní í jókòó sílé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún. Mo ti pinnu. Ní ọjọ́ Ajé, n ó sọ fún ọ̀gá tuntun pé irọ́ ni mo pa, kí ó gé nínú owó tèmi bó bá fẹ́. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù.

Sènà ni ìṣòro mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un kí n tó wọlé tọ ọ̀gá, àwọn òṣìṣẹ́ yóò lé mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí ọ̀gá yóò gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá dúró di ìgbà tí owó bá lé, wọn yóò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ná fún ohun tí èmi fúnra mi gbà lọ́wọ́ wọn.