Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Sọ Di Akọni Điện Biên

"Kí ìjì ọdún yìí tó dé, gbogbo ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ ìrẹsì lọ sí Điện Biên láti àgbègbè yìí yóò ti máa sùn nínú ilé bíríkì." Ọ̀rọ̀ Alága Thuyên, olórí àgbègbè wa, nìyẹn, níwájú gbogbo ará Đồng Vạc, abúlé wa, ní ọdún tí ogun tí a fi ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Điện Biên pé àádọ́ta ọdún. Èmi, Bách, tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, ni mo bá a kọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi náà ni mo hu ìwà ìbàjẹ́ tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì lè gbé e mì mọ́.

Ìyá Nhạn nìkan ló kù ní abúlé wa nínú àwọn tó ti kẹ̀kẹ́ náà. Ìjì èṣí ti ká ìdajì òrùlé ewé rẹ̀ lọ. "Àwọn Faransé ka ìbọn wa," ló sọ fún mi, "wọ́n ka ọmọ ogun wa, wọn ò ka kẹ̀kẹ́ wa. Wọ́n rò pé ebi ni yóò lé wa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àfi ìgbà tí a yó, ọmọ mi!" Níbẹ̀ ni òmìnira wa ti wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e tọ Alága lọ.

"Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ti fi irin rẹ̀ ṣe àgò pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀gá."

"Kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ẹ̀rí. Kò sí ẹ̀rí, kò sí ilé."

Ẹ wo ọ̀mọ̀wé! Kí n lè rí kẹ̀kẹ́ ogun fi han Alága, mo da omi ẹja oníyọ̀ sára kẹ̀kẹ́ tèmi fún ọ̀sẹ̀ méjì títí ó fi dípẹtà, mo sì so ọ̀pá ọparun mọ́ ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń darí ẹrù. Ìyá Nhạn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Apá ọ̀tún lo so ó mọ́! Apá òsì là ń dúró sí. Ẹni tó bá ti èyí gun òkè Pha Đin, ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ni yóò ti jẹun alẹ́. Ó tún ń rùn bí ọbẹ̀!"

Alága kò rí nǹkan kan. Ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. "Ta ló kú sídìí rẹ̀?" ló bi mí. "Kẹ̀kẹ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni kò lè pa aráyé lẹ́kún."

Ibí ni mo ti di apànìyàn. Baba Khoát, ọkọ Ìyá Nhạn, ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́; ó padà wálé láìfarapa. Mo kọ ọ́ pé òun ló ti kẹ̀kẹ́ náà, pé ó ṣubú sínú ọ̀gbun, ó di àpò ìrẹsì mọ́ àyà, ó ń ké orúkọ orílẹ̀-èdè wa. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo mu tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá nìkan ni mo fi ọ̀rọ̀ náà tó létí.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, Alága ka ìwé mi, ó tan tùràrí síwájú kẹ̀kẹ́, ó ní kí gbogbo wa dìde kí a tẹrí ba. Ìlà iwájú ni tọkọtaya náà wà.

"Nhạn, Khoát wo ni wọ́n ń wí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni mo kú?"

"Ẹ rọra, baálé mi. Torí ilé bíríkì ni. Òkú kì í dá sí ọ̀rọ̀."

"Wọ́n ní mo ké orúkọ orílẹ̀-èdè? Irọ́! Bí mo bá ń já bọ́, ìyá mi ni ǹ bá ké pè."

Síbẹ̀, ó dìde, ó tẹrí ba fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí wọ́n lọ béèrè ilé, akọ̀wé ní opó akọni ni ilé wà fún, opó kì í sì í ní ọkùnrin nílé. Baba Khoát ní òun ni ọkùnrin náà. Akọ̀wé ní òkú kò lè fọwọ́ síwèé.

Baba, Ìyá, mo wólẹ̀ níwájú yín, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gboyè bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má ṣe fi irọ́ ṣe ọ̀pá fún òtítọ́ tó lè dá rìn.

Ilé bíríkì kan ṣoṣo ni Alága Thuyên kọ́ kí ìjì tó dé. Kẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n gbé sínú rẹ̀.