Ọlọ́run Gbé Mi Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀! Ẹ tún un hó, ti àkọ́kọ́ yẹn ò dé Dùgbẹ̀! Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí!

Ẹ mọ̀ mí, èmi ọ̀gá mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá. N ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ kàn tí kò fọhùn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo máa ń jókòó. Ẹ ń yìn mí: "Ọ̀gá mà fẹ́ràn iṣẹ́ aṣọ́nà o!" Hàà! Ìtọ̀ ni, ẹ̀yin ará! Tó bá dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Mà á ju sípánà sílẹ̀, mà á sáré. Bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo rí, okùn mi ò gùn kọjá ilé ìtọ̀.

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ọkùnrin tó bá ń tọ̀ léraléra, àtọ̀sí ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó mi gan-an bi mí: "Bàbá Bùnmi, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti kó o?" Bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó Bùnmi ń bọ̀, èmi ni n óò fà á lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ. Kí aṣọ funfun mi wá tutù níṣojú àwọn àna? Mo sunkún, èmi ọkùnrin mẹ́ta!

Mo sin ìyàwó mi lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń fi Yorùbá bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìtọ̀ òjijì. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ṣé ìtọ̀ ń yọ yín lẹ́nu?" Wọ́n figbe ta: "A ò ní àtọ̀sí o! Ọmọ ta nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ìbéèrè padà: "Ó dáa. Tí ẹ bá dé òde tí ẹ ò dé rí, kí lẹ kọ́kọ́ ń wá?"

Kí wọ́n tó lanu, mo ti pariwo láti orí bẹ́ńṣì: "Ilé ìtọ̀ ni!"

Màmá kan ní, "Bàbá, ṣé obìnrin ni yín ni?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó bi mí ní ìyókù!"

Nọ́ọ̀sì mú mi lọ bá dókítà. Wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa. "Bàbá, kì í ṣe àtọ̀sí. Àpò ìtọ̀ yín ló ń pariwo kó tó kún." Halelúyà! Mo ní kí wọ́n tún un sọ sétí ìyàwó mi. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, olówó orí mi." Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa mú un mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

Sátidé tó kọjá, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, mo dúró títí dé oore-ọ̀fẹ́! Aṣọ mi gbẹ! Ẹ sọ òótọ́, bàbá ìyàwó wo ló tún rẹwà bẹ́ẹ̀?

Olúwa, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́! Ìwọ tí ojú ń tì, tí o ń dá jẹ ìyà, sọ ọ́ síta. Ọlọ́run lè gba inú ìbéèrè àwọn obìnrin dá ọ nídè. Ẹ wá aṣọ́nà mìíràn o! Ẹ wo ìjókòó mi lónìí: iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí gbogbo ará orí bẹ́ńṣì gbọ́dọ̀ dìde kí n tó lè jáde!