Ìrun Tí Mo Pè Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà fún ọdún mẹ́ta. Ààwẹ̀ tún ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti ní kí n máa tọ́jú ohùn mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Èmi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo tún ń mu sìgá. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Lọ́dọọdún, tí mo bá ń gbààwẹ̀, òǹgbẹ sìgá máa ń gbẹ mí lọ́sàn-án, màá mú tẹ̀sùbáà, yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ìyàwó mi wà ní ọsibítù ní Ìkòròdú, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Bí ìdààmú ṣe ń pọ̀ ni òǹgbẹ náà ń le sí i. Orí ń fọ́ mi, mò ń jágbe mọ́ ẹni tó bá kí mi. Kì í ṣe ebi o, mo mọ ebi.

Lọ́jọ́ kan, dókítà ní ìfúnpá ìyàwó mi ti ga, iṣẹ́ abẹ ò lè wáyé. Nígbà tí mo padà dé mọ́ṣáláṣí, òjò ti ṣú. Lójú aago, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò lè dúró mọ́. Mo tan sípíkà, mo pèrun. Ta ló ń wo aago nígbà tí ládàánì bá ti ké? Gbogbo àdúgbò ṣínu. Èmi sá lọ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, mo ṣáná sí sìgá. Kí wọ́n tó tò fún ìrun, kànáfùrù ti wà lẹ́nu mi kó lè bo òórùn sìgá.

Bàbá apẹja kan, Bàbá Súlè, nìkan ni kò mu omi. Wọ́n ní, "Oòrùn ò tíì wọ̀ o." Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bàbá ò kírun lọ́dọ̀ wa mọ́.

Ara ìyàwó mi yá. Mo ní màá sọ fún àdúgbò kí wọ́n san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn padà. Ọ̀la, ọ̀la, ni mò ń wí.

Ìyá mi ò ní aago nílé. Ohùn mi ni wọ́n fi ń ṣínu. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, àwọn ò jẹ Ọlọ́run ní ààwẹ̀ kankan. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ẹ̀sìn. Bàbá Súlè ṣì wà, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Àwọn aráàdúgbò lè san tiwọn. Ti ìyá mi ńkọ́? Ṣé èmi tí mo ba ààwẹ̀ náà jẹ́ lè bá wọn gbà á?