Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Kejì

Ẹ má dá mi lẹ́kun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa tí ẹ wá bẹ̀ mí wò lórí àìsàn yìí, ẹ ń pè mí ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ nítorí pé mo fa Sírájúdéènì afọ́jú lọ́wọ́ kiri Ọ̀tà títí ó fi kú. Irọ́ ni. Èmi Láwàlì ni mo tú ilé rẹ̀ ká. Bí mo bá dákẹ́ gbé e wọ sàréè, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ ó máa ṣàdúà fún.

Ìwó ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Nígbà tí a wà nílé ìwé, a jọ máa ń ka ìwé ìtàn ogun kan, ìtàn Jagun Ògúndélé tí àwọn ọ̀tá mú lẹ́rú, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò padà bá Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. A jà lórí rẹ̀ títí a fi dàgbà, tí a wáṣẹ́ wá sí Ṣàngó-Ọ̀tà. Sírájúdéènì a máa ní, "Yóò dé. Obìnrin yẹn yóò dúró dè é." Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni a wà nígbà tí omi kọ́sítíìkì tí a fi ń ṣe ọṣẹ ta sí i lójú. Ojú méjèèjì lọ. Àdìzát ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bọ́ ilé. Aránṣọ ni. Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú lójú ọ̀nà Ìdìrókò, tí yunifásítì sì ń tẹ̀lé wọn, ó sì ríṣẹ́ gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ń rán aṣọ àwọn akọrin. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ebi kò mọ ẹ̀sìn.

Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rẹ́ mi sùn lọ, mo di Àdìzát lọ́wọ́ mú lẹ́yìnkùlé, mo ní kó jẹ́ kí n máa ṣe bí ọkọ fún un. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Bọ̀ọ̀dá Láwàlì, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ tún dán an wò, màá sọ fún un." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kó tó ba tèmi jẹ́, èmi ni n óò kọ́kọ́ ba tirẹ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí ìwé kejì ìtàn Jagun náà rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní ìkóríta Ṣàngó. Sírájúdéènì fi í sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, omijé bọ́. "Kà á, ọ̀rẹ́ mi. Ojú rẹ ni ojú mi." Mo kà á bó ṣe wà títí tí Jagun fi délé. Nínú ìwé, Àwẹ̀ró ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kà á pé ọkùnrin mìíràn ni ó bá nínú ilé, pé Àwẹ̀ró gan-an ló tà á fún àwọn ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tún un kà." Mo tún un kà, mo tún fi iyọ̀ sí i. Ó ní, "Ta wá lèèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé?" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ṣẹ́rí padà. Èmi ẹ̀dá burúkú! Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Mi ò fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde. Mo rí Àdìzát àti olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ránṣọ fún yẹn. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń wọ̀n."

Bí Àdìzát ṣe wọlé, ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra. Ó fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí i, Sírájúdéènì ní kó panu mọ́. Kò sunkún. Ó wo ìwé tó wà lórí itan mi, kò pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́. "Láwàlì, o ti ka tèmi náà fún un." Ó pọn Kàfáyá ọmọ wọn, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Adó-Odò.

Kàfáyá dàgbà, ó wọ yunifásítì nílùú yìí, ó wá ń bẹ bàbá rẹ̀ wò. Ó bá ìwé náà nílé, ó kà á fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo dé, Sírájúdéènì na ìwé sí mi. "Ka ibi tí Jagun ti délé." Mo ka irọ́ náà bí mo ṣe máa ń kà á. Ohùn Kàfáyá jáde láti inú yàrá: "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé wo lẹ ti ń kà á?" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kọ́sítíìkì fọ́ mi lójú, mi ò bínú sí i. Kí ni mo fi ṣe ọ́, Láwàlì?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní eré ni mo fi ìwé ṣe. "Ti Àdìzát ńkọ́?" Ó ti wọ bàtà, ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mú òun lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ o, èyí gan-an ni mo gbé pamọ́. Mo gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, mo búra pé ohun tí mo rí ni mo sọ. Sírájúdéènì kò rò ó rí pé èèyàn lè fi ìyẹn búra èké. Ó bọ́ bàtà náà. Kàfáyá fi ìbínú jáde. Kódà nígbà tí ikú fẹ́ mú Sírájúdéènì, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo rí i?" Mo ní, "Lóòótọ́ ni." Bó ṣe lọ nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ sí Àdìzát. Ó ní òun kò ní wá, kí n lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó ń yìn mí, ó wá rán Kàfáyá tó jókòó yìí wá gbọ́ ọ. Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá gbé ọkàn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù Ọlọ́run bà yín. Kàfáyá, má tíì dìde. Wò mí dáadáa, kí o lè sọ fún ìyá rẹ pé o rí mi bí mo ṣe ń sọ pé kò ṣe panṣágà rí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi bẹ Àdìzát. Bó bá kọ̀, ẹ má dá a lẹ́bi.